Ohun Tí Ọ̀dà Bò

Àtẹ̀gùn kẹta ṣì ń ké.
Ohun tí Màmá Luisa kọ́kọ́ máa ń bi mí nìyẹn
bí mo bá gbé oògùn alẹ́ rẹ̀ wọlé:
"Ṣé ó ṣì ń ké?"
Mo ní, "Ó ń ké, màmá, bí ológìnní tí a tẹ̀ nírù."
A óò rẹ́rìn-ín, yóò mu omi, yóò gbé oògùn mì.

Lọ́wọ́ rẹ̀ la ti ra ilé náà,
ní ìlú kékeré kan ní Áyówà tó ní iná ojú pópó ẹyọ kan,
ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, àti àká àgbàdo
tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ.
Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Àwa wo ilé tí ẹlòmíràn ti sọmọ tán nínú rẹ̀,
a san owó, a gba kọ́kọ́rọ́.

Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, Matěj, káfíńtà,
tó ti Bòhímíà wọkọ̀ ojú omi dé
pẹ̀lú ayùn méjì àti ìyàwó tí kò fẹ́ wá.
Ọdún méjì ni Ludmila fi sùn nínú abà pẹ̀lú màlúù.
Ó ní òun ò ní wọlé
àfi bí fèrèsé ìdáná bá kọjú sí ìlà-oòrùn,
níbi tí ìyá òun wà.
Ni Matěj bá tú ògiri tó ti kàn tán.
Títí dòní, oòrùn àárọ̀ ló ń bá mi fọ abọ́.

Mo ti bó bébà ògiri ìpele mẹ́ta:
òdòdó búlúù, ewé, ọkọ̀ ojú omi wẹ́wẹ́
(ti yàrá àwọn ọmọkùnrin nìyẹn),
lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ìwé ìròyìn lédè tí n ò gbọ́,
tí wọ́n fi dí ihò kí òtútù má bàa wọlé.
Òtútù wọlé náà. Ó ń wọlé di òní.

Ìgbà kan mo bi í: "Níbo lẹ sin bàbá àgbà sí?"
Ó ní, "Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́bàá odi."
Mo ní nílé tiwa, ní Ìgbájọ,
inú pálọ̀ ni onílé ń sùn,
ọmọ-ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀, wọ́n ń da ẹ̀kọ sí i lórí.
Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Ìyẹn ì bá dára.
Ká ní bẹ́ẹ̀ la ṣe, ta ni ì bá lè tà á?"
N ò mọ̀ bóyá èmi ló ń bá wí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ló wá béèrè òpó ilẹ̀kùn ìdáná,
níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń fi pẹ́ńsù sàmì gíga àwọn ọmọ:
Otakar, Božena, Luisa, ìyẹn òun alára, àti Ludvík,
Ludvík tó dúró sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
tí àmì rẹ̀ kò gòkè mọ́
nígbà tí tàwọn yòókù ń gun òpó lọ bí èèrà.
"Ṣé àmì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀?"

Akínlàbí ọkọ mi ti fi ọ̀dà funfun kun òpó náà
ní Sátidé tó ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mejì.
Ó ṣe é dáadáa, mo yìn ín, mo din dòdò fún un.
Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, màmá."
Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n bá òun kí i.

Aago kan òru, mo kúnlẹ̀ sídìí òpó pẹ̀lú ọ̀bẹ bọ́tà,
mò ń fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, mò ń họ ọ́
bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò tó jóná.
Àtẹ̀gùn kẹta ké.
Akínlàbí yọjú, ó wò mí, kò sọ̀rọ̀;
ó lọ mú ọ̀bẹ tirẹ̀ wá.
Ilẹ̀ mọ́ bá wa níbẹ̀.
Otakar ti lọ. Božena ti lọ.
Ìlà kan ṣoṣo la rí, kò ga ju abíyá mi lọ,
àti lẹ́tà méjì, L àti U,
tó lè jẹ́ Ludvík,
tó sì lè jẹ́ Luisa.

Oòrùn ti dé ojú fèrèsé.
Mo kí ẹni yòówù tó bá jẹ́,
mo sì gbé omi kaná.